Ìkùnsínú

Ó ń kùn.
N kò tíì gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ó ti ń kùn,
húùùù, lẹ́yìn aṣọ tó bo ojú sípíkà,
bí àgbàlagbà tí wọ́n gbàgbé láti kí láàárọ̀,
tí kò bínú, tí kò sì lanu,
tó kàn ń fi imú dá gbogbo ilé lóhùn.

Mo pààrọ̀ wáyà. Ó ń kùn.
Mo yọ dìkódà, mo tún un kì bọ ihò rẹ̀.
Mo pa fìríìjì, ẹran yọ́, Ibíwùmí sọ̀rọ̀ sí mi,
òun náà wá ń kùn ní yàrá ìdáná.
Gbogbo Kúbwà dákẹ́ lóru ọjọ́ náà
àyàfi àwọn méjèèjì.

Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, ìkùn á dákẹ́ lójijì,
orin náà á sì bá a lọ.
Irú àlàáfíà wo nìyẹn?
Ẹni tó pa ajá nítorí eégbọn.

Ohun kan ni mo ṣàkíyèsí:
bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin ara ẹ̀rọ, á rọlẹ̀
bí ọmọ tí ibà ń ṣe tó mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀.
Bí mo bá gbọ́wọ́ kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀.
Ni mo bá ń dúró. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin,
láìwọ bàtà, ọwọ́ lórí ẹ̀rọ,
odindi ojú àwo kan, títí abẹ́rẹ́ fi dé àárín.
Ibíwùmí yọjú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀:
"Àṣé ìwọ náà lè di nǹkan mú pẹ́ tó báyìí."
Ó pa ìlẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́,
èyí tó burú ju kó gbá a lọ.

Iliya, ọmọ Gbágyì tó ń ṣe iná ládùúgbò wa,
dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú tẹ́sítà kan àti kúlíkúlì lápò.
Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Ó ń tẹ̀lé wáyà lára ògiri
bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ ewúrẹ́ tó sọnù.
"Bàbá, ẹ̀rọ mẹ́ta, sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta,
kálukú ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sílẹ̀.
Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ń ṣòfófó."
Mo ní ọ̀nà kan ò sáà wọ ọjà.
Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí:
"Ọjà nìyẹn. Ilẹ̀ kì í ṣe ọjà."

Ó kó púlọ́ọ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan.
Ìkùn náà dín, ó ku ìdajì.
Ó wá mú mi lọ sẹ́yìn ilé, sí ìdí táǹkì omi,
níbi tí irin ilẹ̀ dúró sí nínú eruku.
"Ọyẹ́ ti fa omi ibẹ̀ tán.
Irin yìí kò kan ilẹ̀ mọ́, Bàbá. Ó kàn wà níbẹ̀ ni."

Èmi! Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wọn ilẹ̀ fún ìjọba,
tí mo ri òkúta ààlà sí Kúbwà nígbà tó ṣì jẹ́ oko jéró,
mo ti ìka bọ àárín irin àti ilẹ̀,
àyè ṣì kù.

N kò pe Ibíwùmí. Òun ló gbé omi dé,
omi tó fi ṣan aṣọ, ìfófòó ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀.
Ó dà á sí ìdí irin, ilẹ̀ mu ún,
ó tún dà á.
Iliya ń jẹ kúlíkúlì rẹ̀, ó ń wo ibòmíràn.

Lálẹ́, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.
Kó tó kan orin, mo gbọ́ eruku ojú àwo, táṣà-táṣà,
mo gbọ́ bí àga ṣe gba Ibíwùmí lẹ́yìn mi.
Bí mo bá tẹ́tí dáadáa, ó ṣì wà níbẹ̀,
tínńtín, bí ẹ̀fọn lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì.
Ó ní, "Ọ̀la ńkọ́?"
Mo ní, "Garawa kan."
Ó ní, "Méjì. Ọyẹ́ ò tíì lọ."